Dráífà Inú Kernel àti Mọ́dúù: Ìtàn Ìpinnu Kan Nínú Linux

Ní ọdún 1991, nígbà tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Helsinki ní Finland, gbé Linux jáde, odidi kan ṣoṣo ni kernel rẹ̀, ìyẹn ètò ìpilẹ̀ tó ń pín mẹ́mọ́rì àti àkókò iṣẹ́ fún gbogbo ètò yòókù inú kọ̀ǹpútà. Inú odidi yìí náà ni dráífà wà, èyí tí í ṣe ètò kékeré tí kernel fi ń darí dísìkì, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti àwọn ohun èlò mìíràn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1992, Andrew Tanenbaum, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣe Minix, ètò ìṣàkóso kọ̀ǹpútà mìíràn, bẹnu àtẹ́ lu ìgbékalẹ̀ yìí pé ó ti di ohun àtijọ́, pé ó yẹ kí kernel kéré, kí iṣẹ́ bíi ìtọ́jú fáìlì sì wà lóde rẹ̀. Torvalds kò gbà, ṣùgbọ́n àìtó àyè kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ kò ju mẹ́gábáìtì 4 lọ wọ́pọ̀ nígbà náà, mẹ́mọ́rì tí kernel bá sì ti gbà, kì í yọ̀ǹda rẹ̀ fún ètò mìíràn, yálà dráífà inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Flọ́pì tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ dìde kò sì gbà ju mẹ́gábáìtì 1.44 lọ, nítorí náà ni Slackware, àkójọ ètò Linux kan tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, fi ní oríṣiríṣi flọ́pì ìbẹ̀rẹ̀, kí oníkálukú lè mú èyí tó bá dísìkì tàbí CD-ROM tirẹ̀ mu. Wàhálà kejì wà lára káàdì ISA, irú káàdì tí wọ́n ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà nígbà náà, tí púpọ̀ nínú wọn kì í fi ara wọn hàn fún ẹ̀rọ: dráífà ní láti máa wá wọn kiri láti àdírẹ́sì kan dé òmíràn, bí dráífà káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì NE2000 bá sì ṣèèṣì kan àdírẹ́sì tí ohun èlò mìíràn ń lò, ẹ̀rọ lè dúró gbagidi.

Ojútùú tí wọ́n rí ni mọ́dúù, ìyẹn dráífà tí wọ́n kọ́mpáìlì lọ́tọ̀, tí wọ́n sọ kóòdù rẹ̀ di èdè ẹ̀rọ láìmọ ọ́n mọ́ kernel, kí ó lè wọlé nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dé, kí ó sì jáde nígbà tó bá parí. Nígbà tí ẹ̀dà 1.2 fi jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1995, mọ́dúù ti wà nílẹ̀: ẹni tó bá fi insmod, àṣẹ tó ń mú mọ́dúù wọlé, tẹ insmod ne.o io=0x300 ti júwe ibi tí káàdì wà fún dráífà NE2000. Nígbà tó yá, ẹni tó ń kọ́mpáìlì kernel bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọ̀pọ̀ dráífà ní ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́ta: y, kí ó wà nínú odidi, m, kí ó jẹ́ mọ́dúù, n, kí ó má sí rárá. Ní ẹ̀dà 2.0 ti ọdún 1996, ètò kerneld ti ń ké sí mọ́dúù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ àṣẹ, nígbà tó sì di ẹ̀dà 2.2 ní ọdún 1999, kernel fúnra rẹ̀ ló ń pè é.

Síbẹ̀, m ní ewu tirẹ̀. Bí dráífà dísìkì bá jẹ́ mọ́dúù, tí mọ́dúù náà sì wà lórí dísìkì yẹn gan-an, ọ̀rọ̀ di ti ẹni tó ti kọ́kọ́rọ́ àpótí mọ́ inú àpótí, kernel kò sì ní í lè dìde. Ní sáà ẹ̀dà 2.0 náà ni wọ́n fi initrd tú kókó yìí: àkójọ fáìlì kékeré kan, tí mọ́dúù tó ṣe kókó wà nínú rẹ̀, ń bá kernel wọ mẹ́mọ́rì kí a tó kan dísìkì. Bí àwọn tó ń pín Linux kiri, bíi Red Hat àti Debian, ṣe lè fi irú kernel kan ránṣẹ́ sí àìmọye ẹ̀rọ tí wọn kò rí rí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ààbò tún dá sí i, nítorí ẹni tó bá gba agbára alákòóso lórí ẹ̀rọ lè ti inú mọ́dúù kó iṣẹ́ ibi wọnú kernel. Èyí ló mú kí àwọn alábòójútó kan pa ààyè mọ́dúù rẹ́ pátápátá, kí ẹ̀dà 3.7 tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìbuwọ́lùwé mọ́dúù wò ní oṣù Kejìlá ọdún 2012. Mẹ́mọ́rì ti pọ̀ báyìí, flọ́pì sì ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n y àti m kò tíì di ohun àtijọ́. Ẹni tó ń ṣe kernel fún ẹ̀rọ kan tó mọ̀ tinú tòde, bíi ráútà, lè mọ dráífà rẹ̀ mọ́ odidi. Ẹni tó ń ṣe é fún ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ kò lè ṣe kó má gbára lé mọ́dúù.