Ìlẹ̀kẹ̀ Ìdí àti Aṣọ Ijó: Orísun àti Ìtumọ̀ Wọn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe yìí fi hàn bí ìlẹ̀kẹ̀ àti ìdí ọmọ ti so pọ̀ tó lójú Yorùbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ènìyàn bá rí àwọn oníjó obìnrin Ìjíbítì, tí wọ́n so ìgbànú oníṣaworo mọ́ ìbàdí tí wọ́n sì ń mi ikùn, kì í pẹ́ kí ẹnì kan tó sọ pé ibẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ ìdí wa ti wá. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ní baba ìsàlẹ̀ láàrin àwọn òǹkọ̀wé: Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, tọ́ka sí apá òkè Ìjíbítì gẹ́gẹ́ bí ibi tí Yorùbá ti ṣẹ̀ wá, J. Olumide Lucas sì tẹ̀ lé ọ̀nà yìí nínú ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀sìn Yorùbá ní 1948. Bí irú èrò báyìí bá ti wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, kì í rọrùn láti lé e jáde. Nítorí náà, ó tọ́ kí a yẹ ẹ̀rí rẹ̀ wò.

Òtítọ́ ni pé ìgbànú tí ń dún ti pẹ́ ní Ìjíbítì. Ní 1914 ni a hú ẹ̀ṣọ́ ọmọbìnrin ọba kan, Sithathoryunet, jáde ní Lahun. Ìgbànú wúrà kan wà nínú wọn tí a rọ bí owó ẹyọ, tí a sì fi hóró irin kéékèèké sínú rẹ̀ kí ó lè máa dún bí ọmọbìnrin náà bá ń rìn. Ó ti tó nǹkan bí 3,800 ọdún. Ṣùgbọ́n aṣọ tí ayé mọ̀ mọ́ oníjó ikùn lónìí kì í ṣe ti ìgbà náà. Àwọn oníjó tí a ń pè ní ghawazi, tí Muhammad Ali lé kúrò ní Káírò ní 1834, ẹ̀wù gígùn àti ṣòkòtò ni wọ́n ń wọ̀, wọn a sì wé ọ̀já mọ́ ìbàdí. Aṣọ alápá méjì tí ikùn fi ń hàn gbangba, inú àwọn ilé ijó Káírò ni ó ti gbilẹ̀, pàápàá èyí tí Badia Masabni dá sílẹ̀ ní 1926. Ó sì gba àpẹẹrẹ púpọ̀ lọ́wọ́ ìtàgé Yúróòpù àti sinimá Hollywood. Aṣọ tí a ń pè ní ti àtayébáyé, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún péré ni ọjọ́ orí rẹ̀.

Ní ti ilẹ̀ Yorùbá, inú ilẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Leo Frobenius dé Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí àti àwokù ìkòkò tí a fi ń yọ́ dígí. Nígbà tí Abídèmí Babalọlá wa ilẹ̀ ibẹ̀ ní 2011 àti 2012, ìlẹ̀kẹ̀ tí ó jáde lé ní 12,000. Àyẹ̀wò fi hàn pé àpòpọ̀ èròjà dígí Ifẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ìjíbítì, ti Yúróòpù àti ti Éṣíà. Àwọn baba ńlá wa ni ó ń yọ́ ọ fúnra wọn, láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Yàtọ̀ sí dígí, a ní lágídígba tí a ń fi èèpo èkùrọ́ ṣe, a sì ní ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa tí Ìlọrin jẹ́ ibùdó iṣẹ́ rẹ̀.

Lóòótọ́, ìlẹ̀kẹ̀ òkèèrè wọlé púpọ̀ lẹ́yìn náà, láti Venice ní Ítálì, láti Jablonec ní ilẹ̀ Czech, àti láti Ṣáínà ní àkókò tiwa. Èkó ni ọ̀kan nínú ẹnu ọ̀nà wọn. Àpápá ni a kọ́ èbúté olómi jíjìn sí ní ọdún 1920 sí 1930. Kìríkìrì tí ó wà nítòsí ni àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ ti ń já ẹrù tí wọ́n gbà lára ọkọ̀ ńlá. Ajégúnlẹ̀, àdúgbò tí ó múlé gbè wọ́n, fi orúkọ rẹ̀ sọ ohun tí èbúté wà fún: ajé gún sí ilẹ̀. Níbẹ̀ ni Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ, Ùròbò àti Ìgbò ti ń gbé pọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó gbé ìlẹ̀kẹ̀ wá kò gbé ìtumọ̀ rẹ̀ wá. Bí hóró dígí bá ti dé ọwọ́ ìyá ọlọ́mọ, òun ni ó ń sọ ọ́ di bèbè, tí ó sì ń pinnu ẹni tí yóò lò ó àti ìgbà tí yóò lò ó.

Kí wá ni ìtumọ̀ náà? Àwọn kan gbà pé láti fa ojú ọkùnrin nìkan ni a ṣe ń lo ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, àwọn mìíràn sì torí èyí kà á sí ohun ìtìjú. Ère ìbejì ta ko èrò yìí. Ère ọmọdé tí ó kú ni, síbẹ̀ a máa ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Ìyá a máa so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìdí ọmọ jòjòló. Bí okùn bá ti ń fún un, ìyá mọ̀ pé ọmọ ń sanra. Bí ọmọ náà bá bàlágà, ara ìlẹ̀kẹ̀ yìí kan náà ni yóò máa há aṣọ nǹkan oṣù mọ́. Ìgbà tí ó bá di ìyàwó ni ìlẹ̀kẹ̀ di ọ̀rọ̀ àárín òun àti ọkọ rẹ̀. Nínú ijó, abẹ́ ìró ni ó máa ń wà. Etí ni ó ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ojú.

Ẹ tún wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí Kétu àti Ẹ̀gbádò mọ̀ dáadáa, tí UNESCO sì kọ mọ́ ogún ayé ní 2008. Ọkùnrin ni ó ń wọ aṣọ obìnrin níbẹ̀, tí ó ń fi aṣọ di ìdí kí ó tóbi, tí ó sì ń de irin tí ń dún mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Bí ìdí bá mì nínú ijó yìí, àwọn ìyá ni a ń júbà.

Jíjọra nǹkan méjì kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Níbi gbogbo tí ènìyàn bá ti ń jó, ìbàdí ni ó ń mì, ohun tí ń dún ni a sì ń so mọ́ ọn. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìtàn tòótọ́ kò ní láti lọ sí Ìjíbítì kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó rán àwọn ọmọ náà sí ìyá àgbà ilé wọn, kí wọ́n béèrè orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun tí a fi ṣe é, àti ẹni tí ó yẹ kí ó lò ó, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ Ifẹ̀ pa àwọn hóró ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ fún ẹgbẹ̀rún ọdún; kò lè bá wa pa orúkọ wọn mọ́.