The Great Escape: Kí ló dé tí sinimá ogun ọdún 1963 yìí kò fi gbó?

Alùpùpù tí Steve McQueen gùn fo wáyà ẹlẹ́gùn-ún ni ọ̀pọ̀ fi ń rántí The Great Escape, sinimá Ogun Àgbáyé Kejì tí John Sturges ṣe. Kò sí alùpùpù nínú ìtàn náà gan-an. Kódà, Bud Ekins, ọ̀rẹ́ McQueen, ló bá a fò ó.

Iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ ló wúni lórí jù. Ní Stalag Luft III, àgọ́ tí Jámánì kó àwọn ọmọ ogun òfurufú tọ́wọ́ wọn bà sí, àwọn ẹlẹ́wọ̀n gbẹ́ ihò tó gùn ju 100 mítà lọ. Wọ́n yọ pákó ibùsùn wọn fi gbé ihò ró. Wọ́n di iyanrìn sínú àpò tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ ṣòkòtò, wọ́n ń dà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn kọjá níwájú àwọn ẹ̀ṣọ́.

Èèyàn 76 jáde lóru ọjọ́ 24 oṣù Kẹta, ọdún 1944. Mẹ́ta péré ló mórí bọ́. Hitler pàṣẹ, wọ́n sì yìnbọn pa 50.

Sinimá náà bu iyọ̀ sí ìtàn lóòótọ́, àmọ́ kò fi ikú wọn pamọ́. Àwọn 50 náà ló fi iṣẹ́ ọ̀hún bu ọlá fún. McQueen ní tiẹ̀ padà sí àhámọ́, ó ń ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri.