Ìwé-ẹ̀rí àti Ohun tí Ọwọ́ Lè Ṣe

Bí a bá ń wá òṣìṣẹ́, ìwé-ẹ̀rí ni a kọ́kọ́ ń béèrè. Ìtàn Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1920, fi hàn mí pé àṣà yìí ti pẹ́. Ikú bàbá rẹ̀ ní 1939 ni ó fòpin sí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ, lẹ́yìn náà ó di mẹ́séńjà ìjọba ní Èkó. Ibẹ̀ ni ó wà tí wọ́n fi tẹ ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Òkìkí rẹ̀ kàn kárí ayé; síbẹ̀, nígbà tí ilé-iṣẹ́ rédíò gbà á ní 1956, iṣẹ́ ìtọ́jú sítọ̀ ni wọ́n fún un. Ó di 1979 kí Yunifásítì Ifẹ̀ tó pè é wá ṣe olùṣèwádìí àlejò.

N kò kẹ́gàn ìwé-ẹ̀rí: n kò ní jẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn fi ọ̀bẹ kàn mí. Ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn gbà kọjá ni ìwé-ẹ̀rí ń sọ, kì í sọ ibi tí ó lè dé. Ẹ jẹ́ kí a máa dán ọwọ́ wò pẹ̀lú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó yóò máa bẹ nínú àpò ṣòkòtò wa.