Orúkọ Tó Yẹ Ìjì Wa

Bí páànù ilé ìkẹ́rùsí bá ṣí lọ lẹ́bàá òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà, tàbí tí ògiri búlọ́ọ̀kù wó l'Ágége, ẹnu àwọn kan a máa yá láti pè é ní tornado. Rédíò lè pè é ní ìjì líle, kó sì kọjá lọ. Ìjì tó jà l'Ékòó ní oṣù Èrèlé ọdún 2012 gbẹ̀mí èèyàn. Ó tọ́ kí ohun tó ń pani ní orúkọ tirẹ̀.

Ìlà-oòrùn ni irú ìjì yìí sábà máa ń gbà wọ Èkó, òun àti òjò àti àrá tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ́wọ́. Ẹrẹ́nà sí Èbìbì, tí òjò ń wọlé, ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń le jù. Ó tún máa ń padà wá ní Ọwẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà, tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ooru á kọ́kọ́ mú, ewé kò ní mì. Lẹ́yìn náà ni ojú ọ̀run á ṣú, atẹ́gùn tútù á dé lójijì, eruku àti ọ̀rá á gba títì. Òjò tó ń rọ̀ nínú ìkùukùu ló sọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ di tútù. Ó wúwo, ó já wálẹ̀, ó sì tàn síwájú kí òjò fúnra rẹ̀ tó dé. Tó bá bá ẹnu ọ̀nà ńlá tí ọkọ̀ ń gbà kẹ́rù ní ṣíṣí, ó wọlé, ó ti òrùlé láti abẹ́, èyí tó ń fẹ́ lókè sì ń fà á. Etí páànù á ya lára ìṣó, ìyókù á tẹ̀ lé e. Ìjì aṣíwájú òjò ni mo fẹ́ kí a máa pè é.

Tornado gan-an ńkọ́? Yorùbá ní ààjà, òun sì ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì lò fún èyí tó gbé Èlíjà lọ. Ṣùgbọ́n ààjà tí a mọ̀ ń dìde láti ilẹ̀ gbígbẹ nínú oòrùn, kò nílò òjò rárá. Tornado ti Oklahoma àti Kansas ní Amẹ́ríkà ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú ìkùukùu òjò. Nítorí náà, orúkọ tó bá a mu ni ààjà sánmà. Àwọn kan lè fẹ́ ìjì ayí-bí-òkòtó. Àpèjúwe nìyẹn, kì í ṣe orúkọ. Tornado ń jà ju ìgbà 1,000 lọ lọ́dún ní Amẹ́ríkà, pàápàá láti Igbe sí Òkúdù, ní ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́. Ní Nàìjíríà, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi.

Ibi tí atúmọ̀ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra nìyí: àwọn atukọ̀ òkun ló kọ́kọ́ lo tornado, láti nǹkan bí ọdún 1550 sókè, fún ìjì alárá ojú òkun ilẹ̀ olóoru, títí dé etíkun wa. Àwọn ìwé ayé ìjọba amúnisìn náà ń lò ó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi ààjà sánmà túmọ̀ rẹ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti gbé ìjì Kansas wá sí Agége.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, àti àwọn ilé iṣẹ́ rédíò gba ìjì aṣíwájú òjò wọlé. Ọ̀pọ̀ alágbàrù àti wẹ́dà orí òrùlé ló ń dúró de ẹ̀kán òjò kí wọ́n tó kó irinṣẹ́ wọn. Tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ yẹn lédè tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n á mọ̀ pé kí òjò tó kán ló yẹ kí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, kí ọlọ́dẹ sì ti ti ìlẹ̀kùn apá ìlà-oòrùn.