Agbára Wo Là Ń Sọ? Ìtàn PS2 àti Dísìkì Àtijọ́, láti Àlàbá dé Òkokomáíkò

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ géèmù la gbé wá lónìí. Kí àwọn àgbà tó wà láàárín yín tó ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ọjà ni, ọ̀rọ̀ iná mànàmáná sì ni.

Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ rèé. Bí ilé iṣẹ́ kan bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ géèmù tuntun, ṣé kó gbé gbogbo owó rẹ̀ lé agbára ni, kí àwòrán máa dán, kí ẹ̀rọ máa sáré? Àbí kó rí i dájú pé ẹ̀rọ tuntun náà ṣì lè ka dísìkì tí èèyàn ti fi owó rà fún ti àtijọ́? Wọ́n ń jiyàn èyí ní Japan, wọ́n ń jiyàn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lójú títì tó lọ láti Èkó sí Àgbádárìgì, wọn ò jiyàn. Owó ọwọ́ wọn ni wọ́n fi dá a lóhùn.

Ẹni tí kò bá mọ apá ibẹ̀, kó fojú inú wò ó pé ó wọ ọkọ̀ ní Mile 2. Ó máa kọjá Trade Fair, ó máa kọjá Volks, níbi tí ilé iṣẹ́ Volkswagen ti ń to ọkọ̀ nígbà kan, tí orúkọ rẹ̀ ò sì kúrò lẹ́nu kọ̀ndọ́kítọ̀ títí dòní. Ó máa dé Ìyànà Ìbà, níbi tí ọ̀nà LASU ti yà. Níwájú ni Òkokomáíkò wà. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ìjọba Jákàńdè dá sílẹ̀ ní 1983, ló kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá síbẹ̀, ìjọba yẹn kan náà ló sì kọ́ àwọn ilé Ìbà Housing Estate. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí, tí iná kò sí, tí ìrọ̀lẹ́ sì gùn, ẹ má wá ilé géèmù tì níbẹ̀.

Nílẹ̀ Ọ̀jọ́ yìí kan náà ni ọjà Àlàbá wà, ọjà ohun èlò oníná tó tóbi jù ní Nàìjíríà. Àwọn oníṣòwò, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Ígbò, tẹ̀dó síbẹ̀ nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ. Tẹlifíṣọ̀n, rédíò, fíríìjì, fídíò, gbogbo rẹ̀ ló ń gba Àlàbá kọjá. Tuntun wà níbẹ̀, tòkunbọ̀ sì wà. Nígbà tí ẹ̀rọ géèmù dé, kò síbi mìíràn tó yẹ kó gbà wọlé.

PlayStation àkọ́kọ́ gbilẹ̀ níbẹ̀, torí pé dísìkì ló ń lò. Káàtírììjì Sega tàbí Nintendo ṣòro láti dà kọ. Dísìkì ò ṣòro rárá. Ní Àlàbá nígbà náà, ẹ máa ń rí dísìkì géèmù nínú ọ̀rá, pẹ̀lú ìwé aláwọ̀ mèremère níwájú, tí owó rẹ̀ ò ju ti oúnjẹ ọ̀sán lọ. Ọmọ tó bá ní dísìkì 20 nínú páálí bàtà, olówó ni lójú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìgbà náà ni PlayStation 2 jáde. Sony gbé e jáde ní Japan ní March 2000, ó dé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kí ọdún yẹn tó parí. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí, torí ohun tí Sony ṣe nínú ẹ̀rọ yẹn dùn mọ́ mi púpọ̀. Wọ́n mú ṣípù tó jẹ́ ọpọlọ PS1 gan-an, wọ́n sì fi í sínú PS2. Nígbà tí géèmù PS2 bá ń lọ, iṣẹ́ kékeré ni ṣípù àgbà yìí ń ṣe, bí àbójútó páàdì àti mẹ́mọ́rì káàdì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi dísìkì PS1 sí i, òun ló máa dìde jókòó sórí àga. Bàbá ń gbé nínú ilé ọmọ, ọmọ ń rán an níṣẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àlejò àtijọ́ bá dé, bàbá ló ń dáhùn.

Ihò páàdì kò sì yí padà. Páàdì PS1 tó wà nílé wọ PS2 láìsí wàhálà. Fún ẹni tó ní ilé géèmù l'Ókokomáíkò, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Páàdì ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, torí ọmọ tí wọ́n gbá góòlù wọlé fún kì í fẹ́lẹ̀ gbé e kalẹ̀. Bó bá ra PS2 kan péré lónìí, dísìkì àtijọ́ rẹ̀ ṣì ń pawó, páàdì àtijọ́ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò sídìí fún un láti bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ṣé PS2 ló lágbára jù láyé ìgbà náà? Rárá o. Xbox tí Microsoft gbé jáde ní November 2001 ní ọpọlọ tó ń sáré ní 733 MHz, PS2 ń sáré ní bíi 295. Mẹ́mọ́rì Xbox jẹ́ 64 MB, ti PS2 jẹ́ 32. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà wọ̀nyí nìkan kọ́ là fi ń wọn ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí méjèèjì mọ èyí tó lágbára jù. Síbẹ̀ PS2 tà ju mílíọ̀nù 150 lọ kárí ayé, Xbox ò sì ju bíi mílíọ̀nù 24. GameCube ti Nintendo náà lágbára ju PS2 lọ láwọn ọ̀nà kan. Kò ka káàtírììjì N64, dísìkì kékeré tó ń lò kò sì bá ti ẹnikẹ́ni mu. L'Àlàbá, ẹrù tó ń gba àyè lórí pẹpẹ lásán nìyẹn.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó kọ ìtàn PS2 lókè òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ "ó ń ka dísìkì" ní ìtumọ̀ kejì. PS2 tó jáde láti ilé iṣẹ́ kò gba dísìkì tí wọ́n dà kọ. Ẹnjiníà ní Àlàbá ló máa tú u, tó máa jó ṣípù kékeré kan mọ́ ọn nínú pẹ̀lú wáyà tín-ín-rín. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí oníbàárà ń bi olùtajà ni pé, "Ṣé wọ́n ti chip ẹ?" Kò sẹ́ni tó ń béèrè MHz. Ìbéèrè kejì ni pé ṣé ti Amẹ́ríkà ni, torí PS2 Amẹ́ríkà jẹ́ ti iná 110, iná wa sì jẹ́ 220 sókè. Ẹni tó bá gbàgbé ìbéèrè yẹn, tó kì í bọ ògiri láìsí step-down, òórùn ló máa kọ́kọ́ sọ fún un.

Nígbà tí PlayStation 3 dé ní November 2006, agbára ni Sony fi polówó rẹ̀. Ọpọlọ kan tí wọ́n ń pè ní Cell ló wà nínú rẹ̀, tó ń sáré ní 3.2 GHz. Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà jẹ́ dọ́là 499 tàbí 599, èyí tó mú kí àwọn aráabẹ̀ gan-an kígbe. Àwọn àkọ́kọ́ tó jáde ní Japan àti Amẹ́ríkà ṣì gbé ṣípù PS2 sínú, nítorí náà wọ́n ń ka dísìkì PS2. Ṣùgbọ́n ṣípù yẹn ń jẹ owó. Nígbà tí ẹ̀rọ náà dé Yúróòpù ní March 2007, Sony ti yọ ọpọlọ PS2 kúrò nínú rẹ̀, ó wá ń fi sọ́fítíwià díbọ́n. Kí ọdún 2007 tó parí, PS3 onílò 40 GB ti jáde, owó rẹ̀ wálẹ̀, kò sì ka dísìkì PS2 kankan mọ́.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ọmọ Ìbà tí ìbátan rẹ̀ ní London fẹ́ fi PS3 ránṣẹ́. Páálí bàtà tó kún fún dísìkì PS2 di ẹrù lásán lọ́jọ́ kan. Dísìkì PS3 fúnra rẹ̀ sì jẹ́ Blu-ray, tí ojúlówó rẹ̀ wọ́n, tí kò sẹ́ni tó lè dà á kọ lẹ́yìn pẹpẹ. Ó di 2010 kí àwọn kan lókè òkun tó rí ọ̀nà já títì PS3. Fún bí ọdún mẹ́rin gbáko, ẹ̀rọ alágbára náà wà, ohun tí wọ́n máa fi bọ́ ọ ni kò sí.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ agbára gan-an, èyí tí NEPA ń mú lọ. PS3 àkọ́kọ́ ń jẹ iná tó wáàtì 200 nígbà tí géèmù bá ń lọ. PS2 ńlá kò jẹ ju bíi 50 lọ. Tẹlifíṣọ̀n onídìí gbọọrọ, ẹ jẹ́ ká fún un ní 80. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní I better pass my neighbour, èyí tí ẹ ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, agbára tí wọ́n kọ sí i lára kò ju bíi wáàtì 650 lọ. Ilé géèmù tó ní ìjókòó mẹ́rin, tó fi PS2 ṣe é, ń lo 520. Jẹnẹrétọ̀ náà gbé e. Ẹ fi PS3 mẹ́rin rọ́pò wọn, ó di 1,120. Kò lè gbé e láéláé. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ra jẹnẹrétọ̀ ńlá, kó máa ra epo fún un, kó sì fowó kún owó géèmù fún àwọn ọmọ tí kò ní owó púpọ̀ lápò. Lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn kan náà, pẹ̀lú wáyà pupa, funfun àti yẹ́lò, ìdá díẹ̀ nínú ẹwà PS3 lẹ máa rí.

Nintendo ti rí irú èyí ṣáájú. Game Boy jáde ní 1989 pẹ̀lú àwòrán aláwọ̀ ewé ráuràu, bátìrì mẹ́rin sì ń gbé e fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Game Gear ti Sega ní àwọ̀ mèremère, ó sì ń jẹ bátìrì mẹ́fà tán láàárín wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún. Gbogbo ayé mọ èyí tó tà jù.

Bẹ́ẹ̀ ni PS2 ṣe pẹ́ láyé. January 2013 ni Sony ṣíwọ́ ṣíṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn, lópin ọdún kan náà, FIFA 14 àti PES 2014 ṣì jáde fún un, ẹ̀rọ tó ti pé ọdún 13. Àwọn oníṣẹ́ abẹ́lẹ̀ sì ń bá a lọ lẹ́yìn ìyẹn: wọ́n ń mú PES àtijọ́, wọ́n ń yí orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù padà sí ti sáà tuntun, wọ́n ń tẹ ọdún tuntun síwájú ọ̀rá. Inú rẹ̀, géèmù àná ni.

Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rò pé mò ń yin olè. Konami kò rí kọ́bọ̀ nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn dísìkì yẹn. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ní Nàìjíríà ti kọ lu Àlàbá léraléra, fíìmù àti orin wa sì wà lára ohun tí wọ́n ń kó níbẹ̀. Ìpalára kan tún wà tí mo rò pé ó jinlẹ̀ jù: níbi tí géèmù tó dára jù láyé bá ti jẹ́ owó oúnjẹ ọ̀sán, ta ni máa ra èyí tí ọmọ Èkó ṣe? Nígbà tí Hugo Obi dá Maliyo Games sílẹ̀ ní Èkó ní 2012, kì í ṣe orí dísìkì ló gbà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì àti fóònù ló lọ.

PS4 jáde ní 2013, kò sì ka dísìkì PS3. Cell yẹn, agbára tí wọ́n fi ń fọ́nnu, ṣàjèjì débi pé ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé e kò lè sọ èdè rẹ̀. Microsoft gba ọ̀nà mìíràn: láti November 2015, Xbox One bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀pọ̀ géèmù Xbox 360. Sony náà padà sí ọ̀nà àtijọ́ ní 2020, torí PS5 ń lo géèmù PS4, àfi ìwọ̀nba díẹ̀. Inú àwọn tó ń pààrọ̀ dísìkì PS4 pẹ̀lú ara wọn ní Ọ̀jọ́ dùn, torí ojúlówó ni wọ́n ti ń rà báyìí, ẹni tó bá gbá géèmù tán a tà á, a sì fowó kún un ra òmíràn.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan náà tí PS5 jáde, òmíràn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò ní ojú dísìkì rárá. Ní November 2024, PS5 Pro dé, èyí tó lágbára jù nínú gbogbo wọn, ní dọ́là 699.99. Kò ní ojú dísìkì. Ẹ máa ra ojú dísìkì lọ́tọ̀, tí owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 79.99 nígbà náà, ẹ ó sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì nígbà àkọ́kọ́ kó tó gbà láti ka dísìkì tó jẹ́ tiyín tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá dé Àlàbá láti ra ọ̀kan, ìbéèrè "Ṣé wọ́n ti chip ẹ?" ti kúrò nílẹ̀. Olùtajà ló máa bi yín báyìí pé, "Ṣé dátà wà lórí fóònù yín?"