Àlàyé: Kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọ́rí ni ibà, oògùn àlòjù náà sì lè fa ẹ̀fọ́rí

Bí orí bá ti ń fọ́ èèyàn ní Nàìjíríà, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ibà ni." Lóòótọ́, ibà máa ń fa ẹ̀fọ́rí. Àmọ́ ẹ̀fọ́rí tó wọ́pọ̀ jù lọ ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní tension headache. Ẹ̀fọn kọ́ ló ń fà á.

Báwo ni ẹ ṣe máa dá a mọ̀?

Ó máa ń dà bíi pé wọ́n fi ọ̀já di orí yín pinpin, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Kì í sábà mú èèyàn bì, rírìn kì í sì í mú kó le sí i. Ó lè lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó sì lè tó ọjọ́ 7.

Kí ló ń ru ú sókè?

Másùnmáwo, àìsùn tó, àìjẹun lásìkò, àìmu omi tó, àti títẹ orí ba wo fóònù fún ọ̀pọ̀ wákàtí, èyí tó ń mú kí iṣan ọrùn àti èjìká le.

Ṣé kí ẹ lo oògùn ibà?

Rárá, àfi tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ibà ni. Láti ọdún 2010 ni àjọ WHO ti ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fún èèyàn ní oògùn ibà.

Kí ni kí ẹ ṣe?

Ẹ sinmi, ẹ mu omi, ẹ jẹun, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ tí wọ́n rì sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé ọrùn. Àgbàlagbà lè lo Paracetamol 500mg méjì, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju hóró 8 lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ ka ara páálí àwọn oògùn òtútù náà, torí Paracetamol wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Aláboyún àti ẹni tó ní àrùn ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé: bí ẹ bá ń lo Paracetamol fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, fún ohun tó ju oṣù mẹ́ta lọ, oògùn náà fúnra rẹ̀ lè máa fa ẹ̀fọ́rí. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n lú mọ́ caffeine tàbí codeine, ọjọ́ 10 lóṣù ti tó. Ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ bá lò ó sílẹ̀.

Ìgbà wo ni kí ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn?

Bí ẹ̀fọ́rí bá le gan-an lójijì; bí ara bá gbóná tí ọrùn sì gan, torí ó lè jẹ́ àrùn yírùnyírùn, tó máa ń jà lápá àríwá Nàìjíríà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn; bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ; bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ mọ́ èèyàn lẹ́nu; tàbí lẹ́yìn tí èèyàn bá forí gbá nǹkan.

Àkótán

Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó lo oògùn ibà, ẹ má sì sọ oògùn ẹ̀fọ́rí di oúnjẹ ojoojúmọ́.