Ẹ̀ka Ìjọba Mẹ́ta, Ọlọ́pàá Kan Ṣoṣo: Ohun Tí Ọ̀fà Kọ́ Wa

Ẹ bi ọmọ girama léèrè ẹ̀ka ìjọba, á ka mẹ́ta fún yín láìmí: aṣòfin, aláṣẹ, adájọ́. Á tún ní ọ̀kan kì í ṣe ẹrú ọ̀kan. Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ọ́fà wo bó ṣe ń rí lójú ayé.

Ọ̀dọ̀ Amẹ́ríkà la ti mú ètò yìí wá. Lọ́dún 1979, nígbà tí ológun gbé ìjọba fún alágbádá, a fi ètò tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, a mú ti Ààrẹ. Ìwé òfin 1999 tí à ń lò báyìí náà gba ọ̀nà yẹn: abala 4 fún aṣòfin, abala 5 fún aláṣẹ, abala 6 fún ilé-ẹjọ́. Àmọ́ ohun kan wà tí a ò mú wá. L'Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ ní ọlọ́pàá tirẹ̀, ìlú náà ní tirẹ̀. Níbí, abala 214 ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní, Ààrẹ ló sì ń yan ọ̀gá wọn pátápátá. Bí gómìnà bá pàṣẹ fún kọmíṣánnà ọlọ́pàá, kọmíṣánnà lè ní ó dìgbà tí òun bá gbọ́ láti Abùjá.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn adigunjalè ya wọ Ọ̀fà. Wọ́n kọ lu àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ja báńkì lólè, wọ́n sì pa èèyàn tó lé ní 30. Ọlọ́pàá wà nínú òkú, aráàlú náà wà níbẹ̀. Gómìnà tí gbogbo wa ń pè ní olórí ètò ààbò ìpínlẹ̀ ò ní ọlọ́pàá kankan tó jẹ́ tirẹ̀.

Kí ni ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wá ṣe?

Ìjà ti wà nílẹ̀ láàárín ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà àti ọ̀gá ọlọ́pàá ìgbà náà, Ibrahim Idris. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè é, kò yọjú. Lóṣù karùn-ún ọdún yẹn, wọ́n pè é ní ọ̀tá ìjọba tiwa-n-tiwa. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lóòótọ́, abala 89 fún wọn lágbára láti ní kí wọ́n lọ mú ẹni tó bá kọ ìpè. Ṣùgbọ́n ta ni abala náà kọ́kọ́ dárúkọ pé ó lè lọ mú un? Ọlọ́pàá!

Lóṣù kẹfà, ọlọ́pàá ní àwọn kan tí àwọn mú lórí ọ̀rọ̀ Ọ̀fà dárúkọ Bukola Saraki, ààrẹ ilé aṣòfin àgbà. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ó sì fèsì nínú ìwé. Wọn ò gbé e lọ sílé-ẹjọ́ lórí ẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, ariwo òṣèlú bo orúkọ àwọn òkú mọ́lẹ̀.

Ká má rò pé tiwa nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1954, ilé-ẹjọ́ tó ga jù l'Amẹ́ríkà ní kí ọmọ dúdú àti ọmọ funfun máa kàwé pọ̀. Nígbà tó di 1957, gómìnà Arkansas fi ológun dí ọ̀nà mọ́ ọmọ dúdú mẹ́sàn-án nílùú Little Rock. Ìgbà tí Ààrẹ Eisenhower rán sójà lọ ni àwọn ọmọ náà tó wọlé. Adájọ́ ti sọ̀rọ̀, àmọ́ aláṣẹ ló ní ìbọn.

Ṣé adájọ́ ò wúlò nìyẹn? Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Ọlọ́pàá lè to afurasí síwájú kámẹ́rà, kò lágbára láti sọ pé wọ́n jẹ̀bi. Ilé-ẹjọ́ nìkan ló lè sọ ìyẹn. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Kwara n'Ílọrin dájọ́ ikú fún ọkùnrin márùn-ún. Ẹni tí wọ́n ní ó jẹ́ olórí wọn, tóun fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí, ti kú sí àtìmọ́lé. Ohun tó mọ̀ bá a lọ.

Ó lé ní ọdún mẹ́fà kí ìdájọ́ tó dé. Àwọn méjì tó ń pariwo ti kúrò nípò. Ẹ̀ka tí ò pariwo ló parí iṣẹ́ rẹ̀, ó kàn pẹ́ jù fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ni.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún ní “ìjọba ló fà á,” ẹ bi í pé èwo nínú wọn. Bó bá jẹ́ ti ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ là ń sọ, gómìnà ò lè dá a ṣe, Ààrẹ náà ò lè dá a ṣe. Kí abala 214 tó yí padà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì l'Abùjá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 náà fọwọ́ sí i. Aṣòfin tó ń ṣojú yín wà lára wọn. Ṣé ẹ mọ orúkọ rẹ̀?